Bọ́ọ̀lù kúkúrú sí running back: ẹ ka èyí kí ẹ tó pè mí

Tí eré fútùbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá ti bẹ̀rẹ̀ níbí ní Maryland, ìbéèrè kan náà ni àwọn bàbá ọlọ́mọ àtàwọn àbúrò tó ń bá wa kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama máa ń gbé wá, lórí bọ́ọ̀lù kúkúrú tí quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) máa ń jù sí running back (ẹni tó sábà máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré). Ó ti sú mi.

Kóòṣì, bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ running back wa ṣáá.
Ó ti ń sáré kó tó mú un. Kó mú un ná.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń bọ́ sí.
Ibi tó ń lọ ni kí wọ́n jù ú sí, kì í ṣe ibi tó wà.

Swing kan (bọ́ọ̀lù kúkúrú sí running back tó ń sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá) bọ́ sílẹ̀, àwa dúró, àwọn alátakò gbé e sáré gba touchdown (ayò tí wọ́n ń gbà tí bọ́ọ̀lù bá dé òpin pápá). Rẹfirí yìí ń ṣe ojúsàájú!
Rárá o. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sẹ́yìn, tó bá bọ́, ó ṣì wà nínú eré. Ẹni tó bá gbé e ló ni ín. Kí running back ti wà níwájú quarterback kí wọ́n tó jù ú sí i. Tó bá sì bọ́, kí gbogbo yín bẹ́ lé e, ẹ yéé wo ojú rẹfirí.

Wọ́n ní láìnì wa (àwọn tó tò síwájú quarterback láti dáàbò bò ó) ti lọ síwájú jù.
Ní girama, bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù ò bá kọjá ìlà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Bó bá máa kọjá, láìnì ò gbọdọ̀ kọjá ìlà náà ju yáàdì 2 lọ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ quarterback. Ti NFL (líìgì àwọn amọṣẹ́dunjú) tí ẹ ń wò lọ́jọ́ Sunday, yáàdì 1 ni. Ẹ má kó òfin méjèèjì pọ̀.

Ṣé ká máa ju ti ọ̀nà jíjìn nìkan ni?
Ẹ bi Atlanta. Nínú Super Bowl (àṣekágbá NFL) ti 2017, wọ́n ti fi 28–3 ṣíwájú Patriots. James White, running back Patriots, mú bọ́ọ̀lù 14 lọ́jọ́ náà, òun náà ló gba touchdown tó parí ọ̀rọ̀, Patriots sì borí.

Screen wa ń ṣiṣẹ́ ní ìdánrawò, tó bá di ọjọ́ eré, pàbó.
Ẹ jókòó. Èyí jẹ́ kí n fojú winá. Nínú screen, láìnì á díbọ́n pé àwọn ń dáàbò bo quarterback, wọ́n á jẹ́ kí àwọn alátakò ya wọlé, wọ́n á wá yọ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti lànà fún running back. Ní ti wa, linebacker wọn (alátakò tó ń dúró lẹ́yìn láìnì tiwọn) ti máa ń dúró de ọmọ náà kí bọ́ọ̀lù tó dé. Wọ́n ní quarterback ló ń pẹ́. A mú un yára. Wọ́n ní running back ló ń tètè wẹ̀yìn. A ní kó kọ́kọ́ fi èjìká gbá ẹnì kan. A gbé e láti ọ̀tún sí òsì. Linebacker tún wà níbẹ̀.

Fídíò tí ìyá ọmọ kan fi fóònù ká láti ẹ̀yìn òpó góòlù ló tú àṣírí. Guard wa òsì (ọ̀kan lára láìnì) ni. Tó bá jẹ́ eré sísá la pè, á tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ débi pé ìka á wọnú koríko. Tó bá jẹ́ screen, orí ìka lásán ni á fi kan ilẹ̀, ìdí á ti fà sẹ́yìn. Ta ló máa dá Ifá fún linebacker kó tó mọ̀?

A ní kí gbogbo láìnì máa tẹ ọwọ́ bákan náà nígbà gbogbo, kí wọ́n gbá ẹni iwájú wọn, kí wọ́n ka ení, èjì, kí wọ́n tó yọ́ lọ. Ibẹ̀ ló ti yanjú. Nítorí náà, ẹ wo ọwọ́ àwọn guard yín kí ẹ tó pààrọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Wọ́n ti gbọ́n sí screen wa ńkọ́?
Ẹ díbọ́n rẹ̀, kí running back wá yí gba etí pápá lọ síwájú. Ṣùgbọ́n tí láìnì yín ò bá tíì lè ní sùúrù ka èjì, ẹ má dán an wò. Quarterback ni wọ́n máa wó mọ́lẹ̀.

Apá quarterback ń dùn ún tó bá ju swing.
Dókítà. Ẹ má fi Aboniki ra á kí ẹ dá a padà sí pápá.