Fóònù ọ́fíìsì ń já? Ẹ wo QoS orí switch yín ná

Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́nì kan bá ń kó fáìlì ńlá lọ sórí server ni ohùn máa ń já lórí fóònù IP yín (fóònù tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ẹ má tíì sáré ra switch tuntun o, ìyẹn àpótí tó so àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì pọ̀. Pákẹ́ẹ̀tì ni ègé kéékèèké tí wọ́n ń gé dátà sí. Ti ohùn kéré, bíi 200 bytes báyìí, 50 ló sábà ń jáde ní sẹ́kọ́ńdù kan, ti fáìlì lè tó 1500, gbogbo wọn wá fún ara wọn pọ̀ lẹ́nu pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo, bí ọ̀kadà tó há sẹ́yìn tírélà. QoS, ètò tó ń sọ pákẹ́ẹ̀tì tó máa kọ́kọ́ kọjá, kì í mú títì fẹ̀ sí i, ọ̀kadà yẹn ló kàn ń jẹ́ kó kọjá ná.

Àmì tó wà lára pákẹ́ẹ̀tì ni switch ń wò. DSCP ni wọ́n ń pè é, láti 0 dé 63, fóònù sábà máa ń fi 46 sára ohùn.

Switch Cisco 2960 ni màá fi ṣàlàyé, ẹ wọ conf t (ibi tí wọ́n ti ń yí ètò switch padà), ẹ tẹ mls qos láti tan QoS. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí gbaga! Tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ ti bà á jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí switch ò ní gba àmì ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, 46 yẹn á di 0, ohùn àti fáìlì á wá di ẹgbẹ́. Ẹ bọ́ sórí pọ́ọ̀tù fóònù àti èyí tó so switch mọ́ switch, ẹ tẹ mls qos trust dscp kó lè gba àmì gbọ́, kẹ́ ẹ tún fi priority-queue out (ìlà iwájú fún ohùn) sí èyí tó so wọ́n pọ̀. Pọ́ọ̀tù tó jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ tó ń gbá géèmù lábẹ́ tábìlì á fi 46 sára géèmù ẹ̀ (ẹ mọ̀ wọ́n).

Ẹ má sì kó fídíò àti gbogbo nǹkan sí ìlà iwájú yẹn o, switch máa ń kó o tán pátápátá kó tó yíjú sáwọn yòókù.

Lórí Catalyst 9000, switch Cisco tó tuntun ju 2960 lọ, kò sí mls qos mọ́, òun máa ń gba àmì gbọ́ fúnra ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló kún, router lẹ máa bá wí.

Ẹ pe ara yín wò, kẹ́ ẹ tẹ show mls qos interface gi0/1 statistics, gi0/1 yẹn ni kẹ́ ẹ fi pọ́ọ̀tù tó so switch yín pọ̀ rọ́pò. Tí iye tó wà ní 46 lápá outgoing bá ń gòkè, ó ti wọlé nìyẹn. Tó bá dúró sí 0, ẹ padà lọ wo trust.