Kẹ́ ẹ tó dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó ń gbá pẹ́nárítì

Èmi kì í ṣe eléré ìdárayá o, tí mo bá gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa dé òkè kẹta mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni mo máa ń dìde níwájú àwọn ọ̀gá láti ṣàlàyé bí ọjà ṣe tà, ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ojú tì mí gan-an. Ọ̀gá kan kàn bi mí pé kí ló dé tí owó April fi já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu wọn tí mo ti ń dáhùn, owó March ni mo ń kà fún wọn, mo tiẹ̀ kà á dópin pẹ̀lú ìgboyà kí ẹnì kan tó rọra sọ pé March nìyẹn kẹ̀. Nọ́ńbà April wà níwájú mi gàdàgbà. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n, ìkánjú ni.

Ìkánjú yẹn náà ló ń pa àwọn tó ń gbá pẹ́nárítì. Geir Jordet, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Norway kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo fídíò pẹ́nárítì, rí i pé àwọn tó jẹ́ pé rẹfirí fọn fèrè báyìí, wọ́n ti sáré sí bọ́ọ̀lù, àwọn ló sábà máa ń gbá a sọnù, àwọn ará England sì wà lára àwọn tó ń kánjú jù nígbà yẹn. Ẹ rò ó wò, bọ́ọ̀lù ò ní sá lọ, gólì ò ní sá lọ, ẹni tó fẹ́ gbá a ló ń wá bí gbogbo ẹ̀ ṣe máa parí kíá. Kí World Cup 2018 tó dé, England gba Pippa Grange, onímọ̀ nípa ọkàn, síṣẹ́, kóòṣì wọn Gareth Southgate sì ní kí wọ́n máa fi pẹ́nárítì dánra wò, kí wọ́n má kánjú. Wọ́n na Colombia 4-3, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí pẹ́nárítì máa gbè wọ́n ní World Cup.

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ jẹ́ kó parí. Ẹ mí síta, síta ni mo wí o, torí ẹni tẹ́rù ń bà ti fa afẹ́fẹ́ sínú jù tẹ́lẹ̀. Ẹ fìka tọ́ ibi tí nọ́ńbà wà lórí ìwé, kẹ́ ẹ tó wá lanu. Lójú tiyín ó máa dà bíi pé ẹ ti dákẹ́ fún odidi wákàtí kan, àwọn tó ń wò yín ò ní mọ̀ rárá, wọ́n á tiẹ̀ rò pé ẹ̀ ń ronú jinlẹ̀ ni.

Ìyẹn nígbà tọ́rọ̀ bá ti délẹ̀. Ti ìmúrasílẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo tẹ́nìsì á ti rí Nadal, kó tó fẹ̀yìn tì ní 2024, níbi tó ti ń to ike omi méjì síwájú àga ẹ̀, bó ṣe tò ó lánàá náà ló máa ń tò ó lónìí. Àwọn kan á ní àbí ó ń ṣoògùn ni. Rárá o, ó kàn máa ń fún ọwọ́ ẹ̀ ní iṣẹ́ tó ti mọ̀ kí ọkàn lè ráyè sinmi ni. Tèmi rèé: mo máa ń tẹ nọ́ńbà sórí ìwé ẹyọ kan ṣoṣo, mo fi bírò pupa yí mẹ́ta tí wọ́n lè bi mí ká, mo mu omi díẹ̀, mo wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì lọ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan o, ẹ má há gbogbo ẹ̀ sórí, tẹ́yọ kan bá já bọ́, gbogbo ẹ̀ ló máa tú. (Ìyá tó ń gbá ọ́fíìsì wa rò pé àdúrà ni mò ń gbà níbẹ̀, wọ́n máa ń ṣe àmín látìta, mi ò tíì lè sọ òótọ́ fún wọn.)

Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù ni ti Michael Phelps, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà. Olympics Beijing, 2008, ìdíje ìwẹ̀ butterfly 200 mítà, bó ṣe bẹ́ sómi báyìí ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú awò ojú ẹ̀, nígbà tó fi máa ku 50 mítà kò ríran mọ́. Ó wá ń ka iye ìgbà tó ń ju apá torí ó mọ iye tó máa gbé e dé ògiri. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó yọ awò, ó wòkè: góòlù, 1:52.03, títí di ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Bob Bowman, kóòṣì ẹ̀, ti ń kọ́ ọ láti kékeré pé kó máa wo ìdíje lọ́kàn kó tó sùn àti tó bá jí, èyí tó dáa àtèyí tó bàjẹ́.

Àwa ńkọ́? Tí ìpàdé bá ku ọ̀la, a máa gbàdúrà kó dáa, a wá máa yí kiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta tó lè bàjẹ́, ẹ wá kọ ohun tí ọwọ́ yín máa ṣe síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí NEPA bá mú iná tí projector kú: mo ti tẹ ìwé márùn-ún síta, màá pín in. Tí wọ́n bá bi mí lóhun tí mi ò mọ̀: màá ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, màá fi ránṣẹ́ sí yín kó tó di aago mẹ́rin", màá sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn. Ẹ má kọ "màá fọkàn balẹ̀" síbẹ̀ o, ìyẹn kì í ṣe ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Lóṣù tó kọjá iná lọ lóòótọ́, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò tan, mo pín ìwé, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi parí ìpàdé.

Tó bá wá dáa ńkọ́? Ẹ má tíì yọ̀ jù. Tóbi Amúṣan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sáré ní semi-final ìdíje àgbáyé ní Oregon lọ́dún 2022, kò sóbìnrin tó tíì sá hurdles 100 mítà, eré tí wọ́n ti ń fo igi, tó bẹ́ẹ̀ rí, ariwo ta, ó sì tún gbọ́dọ̀ sáré final ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. 12.06 ló sá níbẹ̀, atẹ́gùn tó ń tì wọ́n lẹ́yìn ti pọ̀ jù, ìyẹn ò jẹ́ kí wọ́n ka àsìkò yẹn sí rẹ́kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n góòlù wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹ̀yin náà, tí ìpàdé àárọ̀ bá dùn, ẹ má tíì ṣí WhatsApp, ẹ kọ iṣẹ́ tó kàn sílẹ̀ ná.

Tó bá bàjẹ́, ẹ wo Bùkáyọ̀ Saka, agbábọ́ọ̀lù England. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí Donnarumma, gólì Italy, mú pẹ́nárítì ẹ̀ ní Wembley, ní final Euro lọ́jọ́ 11 July 2021, àwọn èèyàn sì bú u torí àwọ̀ ara ẹ̀. Kò dúró de final míì. Ní April 2022 ó gbá ọ̀kan sí Chelsea fún Arsenal, ó wọlé, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ó gbá ọ̀kan sí Manchester United, ó wọlé. Nígbà tó di July 2024 tí England àti Switzerland dé orí pẹ́nárítì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti mọ ọ̀nà, ó gbá a wọlé.

Èmi náà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ March yẹn, mi ò dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Mo lọ bá ọ̀gá mi pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè máa sọ nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ fún wa láràárọ̀ Monday, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, àwa mẹ́fà tá a wà ní yàrá wa nìkan. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ṣé ara ẹ yá ṣá. Mo ní ara mi yá mà.