Páìpù Irin Nìkan Kò Tó: Ẹ Fa Wáyà Ẹ́ẹ̀tì Sínú Rẹ̀

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn àgbẹ̀, àwọn ọlọ́sìn àti àwọn onílé tí wáyà iná wọn wà nínú páìpù irin

Màlúù méjì ló ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n omi lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀kẹta dúró lókèèrè, ó ń wo omi, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fa òun débẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn màlúù náà ti ń sá fún ọpọ́n yẹn, olóko sì rò pé omi ló ń rùn. Omi ò rùn. Iná ló wà lára ọpọ́n.

Nígbà tí a tú páìpù tó gbé wáyà lọ sídìí pọ́ǹpù, a ò bá wáyà ẹ́ẹ̀tì kankan nínú rẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń dá iná tó bá bọ́ sára irin padà sí àpótí bíréékà, kí bíréékà lè gé iná náà. Láìfù kan tó ń gbé iná wá, níútírà kan tó ń dá a padà, ó parí. Ẹni tó ṣiṣẹ́ náà ní páìpù irin fúnra rẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn táńkì, níbi tí omi ti ń kán sí páìpù lójoojúmọ́, ojú kan tí wọ́n ti so ó pọ̀ ti dógùn-ún débi pé nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó yí bí ìdérí ìgò, ìyẹ̀fun pupa sì kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Láti ibẹ̀ títí dé pọ́ǹpù, gbogbo irin tó wà níwájú kò ní ọ̀nà padà sí àpótí bíréékà mọ́. Wáyà kan bó nínú pọ́ǹpù, iná bọ́ sára irin, ó gba ara irin dé ọpọ́n, bíréékà kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Irú rẹ̀ la ń bá kiri. A ò kọ ìwé yìí láti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gé páìpù tàbí bí wọ́n ṣe ń fa wáyà, ẹ̀yin àti oníwáyà yín ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo la bá wá: kí wọ́n fi páìpù irin nìkan ṣe ẹ́ẹ̀tì.

Ṣé òfin kò fàyè gbà á ni?

Ó fàyè gbà á. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ wáyà iná BS 7671 tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti NEC ti Amẹ́ríkà gbà pé páìpù irin tó le, tí wọ́n fi ohun ìsopọ̀ tó yẹ so, lè jẹ́ ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Nítorí náà oníwáyà tó bá sọ fún yín pé "páìpù ni ẹ́ẹ̀tì" kò parọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ìdajì tó kù ni pé irin náà gbọ́dọ̀ bá ara rẹ̀ lọ láìjá láti àpótí bíréékà títí dé ohun èlò tó gbẹ̀yìn, kí gbogbo ojú ìsopọ̀ fún dáadáa, kí irin kan irin, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún tí iná bá fi ń gba ibẹ̀. Páìpù mítà 30 lè ní ojú ìsopọ̀ tó ju mẹ́wàá lọ. Ta ló ń tú wọn wò?

Páìpù irin tó ń lọ́ bí ejò, èyí tí wọ́n sábà ń fi parí iṣẹ́ sídìí pọ́ǹpù tàbí ẹ̀rọ ọlọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. BS 7671 kò gbà á ní ẹ́ẹ̀tì rárá. Amẹ́ríkà gba kékeré tí kò ju mítà 1.8 lọ, lórí bíréékà tí kò ju 20 A lọ (A, ìyẹn áńpù, ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó), àmọ́ bí ohun tó so mọ́ bá nílò kí páìpù náà máa lọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, àfi kí wáyà ẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù wo ni kì í gbọ̀n?

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí: nínú ilé ẹran, ilé adìyẹ, ilé pọ́ǹpù, ilé ẹ̀rọ ọlọ, lára ògiri ìta, àti nínú ilé èyíkéyìí tí onílé kò rántí ìgbà tí wọ́n fi páìpù rẹ̀ sí, ẹ fa wáyà ẹ́ẹ̀tì. Bí páìpù náà bá dán bíi dígí, ẹ ṣì fà á.

Ibi tí irin ti ń já lójú wa

Àpótí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ló pọ̀ jù. Ẹ yọ nọ́ọ̀tì tó di páìpù mọ́ ara àpótí, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ṣì ń dán níbẹ̀, tó kàn ní àmì yíká bí òrùka, irin kò tíì kan irin láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àpótí yẹn kọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin tàbí sáńpépà ha ibẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ tó dá nọ́ọ̀tì padà.

Ìkejì ni rọ́bà. Páìpù irin bẹ́, ẹnìkan gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó fi ìdajì mítà páìpù rọ́bà dí i. Iná tàn, inú gbogbo ènìyàn dùn. Láti ọjọ́ náà, ohun gbogbo tó wà níwájú rọ́bà yẹn ti di irin lásán tí kò ní ẹ́ẹ̀tì. A ti bá èyí nínú ilé tí àwọn ọmọdé ń sùn sí, ẹni tó fi rọ́bà sí i sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn.

Nínú ilé ẹran, èéfín ìtọ̀ àti ìgbẹ́, èyí tó máa ń ta ènìyàn lójú láàárọ̀, ń jẹ irin. Ibi ìsopọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe gé tírẹ́ẹ̀dì síbẹ̀ ni wọ́n ti gé síǹkì kúrò lára irin.

Àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kódà níbi tí páìpù ti dára, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìdè méjì tó di sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ àpótí. Wáyà kúkúrú gbọ́dọ̀ ti ojú ẹ́ẹ̀tì sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí ojú ẹ́ẹ̀tì inú àpótí. BS 7671 sọ èyí ní kedere, síbẹ̀ wáyà kékeré yìí náà ni wọ́n máa ń fojú fò jù.

Ìwọ̀n sísanra wáyà ẹ́ẹ̀tì

Bí láìfù bá jẹ́ 1.5 mm², ẹ́ẹ̀tì 1.5 mm². Láìfù 2.5, ẹ́ẹ̀tì 2.5. Bẹ́ẹ̀ náà ni 4, 6, 10 títí dé 16 mm². Láìfù 25 tàbí 35 mm², ẹ́ẹ̀tì 16 mm². Tó bá ju 35 lọ, ẹ́ẹ̀tì yóò jẹ́ ìdajì láìfù. Kópà ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí apá kan wáyà ẹ́ẹ̀tì bá gba ìta kọjá láìsí ohun tó bò ó, kò gbọdọ̀ kéré sí 4 mm², ohun yòówù kí láìfù jẹ́.

Àwọ̀ ewé àti yẹ́lò. Ẹ má fi wáyà aláwọ̀ yìí ṣe láìfù láé, kì báà ṣe pé ẹ fi téèpù dúdú wé e lórí. Téèpù á jábọ́, ẹlòmíràn á sì fọwọ́ gbá a mú.

Fífà á

Inú páìpù kan náà tí láìfù àti níútírà rẹ̀ gbà ni kó gbà. Kì í ṣe ẹ̀yìn páìpù, kì í ṣe páìpù mìíràn. Bí iná bá bá ọ̀kan lọ nínú irin, tó sì ń bá èkejì bọ̀ níta, irin náà á máa gbóná, á sì máa di iná tó fẹ́ padà lọ́wọ́, bíréékà á sì pẹ́ kó tó já. Bí páìpù 20 mm bá ti kún, ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ fi 25 mm sí i. Ó dùn wá pé iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ náà kéré sí gbígbẹ́ ihò màlúù méjì.

Ẹ so orí rẹ̀ kan mọ́ irin ẹ́ẹ̀tì inú àpótí bíréékà, ẹ so ìkejì mọ́ ara ohun èlò, ẹ sì so ó mọ́ gbogbo àpótí irin tó bá gbà kọjá. Ẹ so ó lọ́nà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ́ẹ̀tì èyí tó wà níwájú kò ní já. Ẹ má sì torí wáyà yìí fi páìpù sílẹ̀: páìpù náà gbọ́dọ̀ fún, kó sì ní ẹ́ẹ̀tì, nítorí òun ni wáyà tó bá bó yóò kọ́kọ́ fara kàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má so ara pọ́ǹpù mọ́ níútírà kí ẹ wá pè é ní ẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí níútírà bá já lẹ́yìn ibẹ̀, gbogbo ara pọ́ǹpù ti di láìfù nìyẹn, láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́ nínú rẹ̀.

"Ṣebí mo ti ri ọ̀pá mọ́lẹ̀"

Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ jù nìyí. Olóko ti ri irin gígùn kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, ó ti so ó mọ́ ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìdènà ọ̀pá náà àti ilẹ̀ bá jẹ́ 20 ohm, ọ̀pá tó dára sì nìyẹn, iná 230 V yóò gba ibẹ̀ ní 11.5 A. Bíréékà 16 A kò ní mira. Pọ́ǹpù á dúró bẹ́ẹ̀, iná á wà lára rẹ̀ tọ̀sán tòru, ọ̀pá á sì máa tú u sínú ilẹ̀ tí ẹran dúró lé. Ilẹ̀ tútù, pátákò tútù, ẹsẹ̀ iwájú jìnnà sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọkàn sì wà láàárín méjèèjì: ìdí nìyẹn tí iná tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ bàtà kò mọ̀ lára fi ń pa màlúù.

Wáyà ẹ́ẹ̀tì tó padà sí àpótí bíréékà ló ń jẹ́ kí iná tó pọ̀ tó ṣàn, kí bíréékà lè já. Ó máa ń gbà tó 160 A kí bíréékà 32 A irú B (èyí tó ń já lójú ẹsẹ̀ bí iná bá tó ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀) tó já, ìyẹn ni pé gbogbo ìdènà ojú ọ̀nà, àlọ àti àbọ̀, kò gbọdọ̀ ju bíi 1.4 ohm lọ. Ojú ìsopọ̀ kan tó dógùn-ún, tó ní ìdènà 10 ohm, ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: 23 A péré ni yóò kọjá, bíréékà 32 A yóò gbà pé ẹnìkan ló ń lo iná, ojú ìsopọ̀ náà yóò sì máa jó pẹ̀lú ooru tó ju 5,000 wáàtì lọ. Bí koríko gbígbẹ bá wà nítòsí, ẹ mọ ìyókù.

Níbi tí ilé-iṣẹ́ iná kò bá ti fún yín ní ẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ ọ̀pá yín nìkan lẹ ní, ẹ so ọ̀pá náà mọ́ irin ẹ́ẹ̀tì inú àpótí bíréékà, kí ẹ sì fi bíréékà tó ń ṣọ́ iná tó bá jò sí i, èyí tí àwọn oníwáyà ń pè ní RCD. Ìyẹn di dandan. Lóko, 30 mA (mA 1,000 ló wà nínú A kan) fún sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ju 32 A lọ, 100 mA fún sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó pọ̀ tán 300 mA fún àwọn yòókù. Ọpọ́n irin, òpó irin, páìpù omi irin àti irin inú ilẹ̀ kọnkéré níbi tí ẹran ń dúró, ẹ fi kópà 4 mm² so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ẹ́ẹ̀tì.

RCD kò rọ́pò wáyà o. Bí irin kò bá ní ọ̀nà padà, RCD á máa dúró títí ara ènìyàn tàbí ara ẹran yóò fi di ọ̀nà náà, kó tó já.

Dídán an wò

Ẹ pa iná, ẹ ti àpótí rẹ̀ pa, ẹ fi tẹ́sítà rí i dájú pé iná kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn ṣe, kó pe oníwáyà tó kọ́ṣẹ́.

Mítà kékeré tí gbogbo ènìyàn ń kì bọ àpò kò tó fún iṣẹ́ yìí. Iná tó ń rán jáde kéré débi pé tírẹ́ẹ̀dì kan tó kù lára irin tó ti jẹrà tán á gbé e kọjá, ẹ ó sì rí nọ́ńbà tó dára. Ohun tí ẹ nílò ni tẹ́sítà tó ń rán 200 mA ó kéré tán. Ẹ wọn wáyà ẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó so ó mọ́ àpótí kankan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ páìpù ni ẹ ń wọ̀n mọ́ ọn. Mítà 30 wáyà 1.5 mm² yóò fi bíi 0.36 ohm hàn, 2.5 mm² yóò jẹ́ 0.22, 4 mm² yóò jẹ́ 0.14. Ẹ yọ ìdènà okùn tẹ́sítà kúrò nínú rẹ̀. Bí ohun tí ẹ rí bá tó ìlọ́po méjì èyí, ibì kan kò dè, ẹ wá a rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn páìpù fúnra rẹ̀ kí wáyà tó kàn án, kí ẹnìkejì máa fọwọ́ mi í láti ojú ìsopọ̀ kan dé òmíràn. Bí nọ́ńbà bá ń jó, ojú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ tú. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n sẹ́yìn ìdérí àpótí bíréékà.

Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì RCD ní oṣù 6 sí oṣù 6. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kan páìpù náà, ì báà jẹ́ oníwáyà, ì báà jẹ́ ẹni tó wá tún omi ṣe tó kàn sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó tan iná.