Káàdì Ìjọ Màmá Mi

Gbèsè ₦185,000 ni wọ́n kà sí mi lọ́rùn ní ọ́fíìsì ìjọ, ọjọ́ kẹrin tí màmá mi jáde láyé. Ọdún 2024 ni. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 81, èmi jẹ́ ẹni 53, ₦40,000 péré ni mo sì ti yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ohun tí ìjọ lè bèèrè. N kò ní sọ ti mọ́ṣúárì, pósí, oúnjẹ àti aṣọ ẹbí, nítorí ẹni tó bá ti sìnkú òbí rí mọ ìyẹn. Ti káàdì ìjọ, èyí tí wọ́n fi ń mọ owó tí ọmọ ìjọ ti san, ni mo fẹ́ sọ, torí òun ló hú ohun tí mo ti ń bò mọ́lẹ̀ láti ọdún mẹ́fà jáde.

Ọmọ tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni akọ̀wé ìjọ náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó pè mí ní "Bàbá" dípò "Ẹ̀gbọ́n" tí ó máa ń pè mí tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìwé ńlá kan, ó sì fi bírò tọ́ka sí orúkọ màmá. Láti 2015 dé 2023, òfo ni. ₦5,000 owó ọdún àti ₦10,000 owó ìkórè, lọ́nà mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ₦50,000 owó kíkọ́ ilé ìjọ. Bí a kò bá san án, ìjọ kò ní lu agogo, àlùfáà kò sì ní wá. Mo bi í pé láti ìgbà tí odindi Bíbélì ti jáde ní èdè wa ní 1884, orí wo ni ó ti kà á pé òkú ń jẹ gbèsè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́: "Bàbá, òkú kò jẹ gbèsè o, ọmọ òkú ni."

Ohun tó bí mi nínú ni pé màmá mi kì í ṣe onígbèsè. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n ní 2015, a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Èkó, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu wọn mọ́. Síbẹ̀, tí ìkórè bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á máa na ọwọ́ òsì, ọ̀kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́, sí àpò owó wọn, títí àbúrò mi yóò fi fi owó rán ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wọn. Ìyá náà ti ṣáájú wọn kú. Rìsíìtì ni akọ̀wé ní òun fẹ́ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dọ̀bálẹ̀ tí ó sì dá mi padà. Èmi tí mo ti tẹ 300 káàdì ìpè, tí orúkọ ìjọ náà hàn gàdàgbà lára rẹ̀, kí n tó lọ tọrọ àyè!

Inú Bíbélì màmá ni mo ti rí ohun tí mò ń wá. Mo jókòó sórí ibùsùn wọn lálẹ́, mo ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, rìsíìtì márùn-ún sì bọ́ láti inú Sáàmù 71, níbi tí wọ́n ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ẹsẹ 9: "Má ṣe ṣá mi tì ní ìgbà ogbó." N kò rí ọdún tí wọ́n kọ sára rìsíìtì náà kà. Mo gbé e jìnnà, mo gbé e súnmọ́, pàbó. Awò ojú màmá wà lórí tábìlì, òwú dúdú ni wọ́n fi so apá rẹ̀ kan. Mo gbé e wọ̀, gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Mo pẹ́ lórí ibùsùn náà. Èmi rò pé màmá nìkan ló ń darúgbó.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kúnlẹ̀ nídìí ibùsùn yẹn, tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó dá ohùn wọn padà. Ní 2018, mo dákẹ́. Kì í ṣe pé mo bínú sí I. Ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu mi, orúnkún mi pẹ̀lú kò fẹ́ ìkúnlẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni n kò ti gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, tí mo sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè.

Rìsíìtì ọdún márùn-ún yọ ₦75,000 kúrò. Mo san ₦110,000, akọ̀wé tún ìwé rẹ̀ kọ, kò sì tọrọ àforíjì. Agogo dún. Èmi fúnra mi ni mo ka 1 Kọ́ríńtì 15, pẹ̀lú awò màmá lójú mi, ohùn mi kò sì gbọ̀n. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Láti ẹsẹ 20 ni Ìwé Àdúrà ti mú kíkà náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo padà sí ẹsẹ 14, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ ọ́ gbangba pé bí a kò bá jí Kristi dìde, asán ni ìgbàgbọ́. Ó tù mí nínú pé àpọ́sítélì lè sọ irú rẹ̀ jáde lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gba àjíǹde gbọ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 25, n kò lè purọ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbà á gbọ́ lónìí.

Bí òbí yín bá ti dàgbà, ẹ lọ wo ìwé ìjọ kí ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀, kí ẹ sì máa san owó wọn sínú báńkì ìjọ tààrà. Ẹ bi wọ́n níbi tí rìsíìtì wà nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀.

Mo gba káàdì lórúkọ ara mi, mo san ti ọdún yẹn nìkan, mo sì fi rìsíìtì rẹ̀ sínú Bíbélì náà. Mo fi ibi tó wà han àkọ́bí mi. Ó ní, "Dádì, èmi kì í lọ sí ìjọ yẹn mọ́ o." N kò rí èsì fọ̀, nítorí èmi náà kì í sábà lọ.