Ìtọ́jú Ilé Oyin ní Ìbàdàn, Láti Ìgbà Ọyẹ́ Dé Ìgbà Òjò

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ọlọ́sìn oyin wa sábà máa ń béèrè ọjọ́ ìkórè kí ó tó béèrè ohunkóhun mìíràn. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ìkórè kì í gbà ju ìrọ̀lẹ́ mélòó kan lọ nínú ọdún, nígbà tí ìtọ́jú ilé oyin ń gba oṣù méjìlá gbáko. Oṣù òjò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ń jókòó sílé, ni iṣẹ́ náà ṣòro jù.

Oyin ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Apis mellifera adansonii, yára bínú, ó sì yára kó kúrò. Bí ebi, ooru tàbí èèrà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, odindi ilé lè ṣófo kí ẹni tí ó ni ín tó mọ̀. Nítorí náà, òdòdó ni a fi ń ka ọdún fún un. Bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tán ní oṣù kọkànlá, tí ewé Akíntọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í tan òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà Mọ́níyà àti Ìdó, oyin ti rí oúnjẹ nìyẹn. Káṣú àti máńgòrò á tẹ̀ lé e nígbà ọyẹ́, igi irúgbá á so òdòdó pupa rẹ̀ kọ́, ọsàn á sì gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀.

Oṣù kẹwàá ni kí ẹgbẹ́ tún àwọn ilé òfìfo ṣe. Èyí tí ó rọrùn jù fún olùbẹ̀rẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní ilé Kenya, àpótí tí ó fẹ̀ lókè tí ó sì dín nísàlẹ̀, tí a to ọ̀pá pákó pẹlẹbẹ bo orí rẹ̀ kí oyin lè so afárá kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ìbú ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 32, nítorí bí oyin wa ṣe ń jìnnà síra láti àárín afárá kan sí àárín èkejì nìyẹn. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, káfíńtà tí mo gbé iṣẹ́ fún ní Bódìjà gé ọ̀pá mi sí nǹkan bí 40, ó ní kí pákó má baà ṣòfò, èmi náà kò sì wọ̀n ọ́n. Nígbà tí a ṣí ilé náà, afárá ti dábùú ọ̀pá mẹ́rin. Èyí tí a bá gbé ni ó ń ya, oyin inú rẹ̀ ń ṣàn sórí àwọn ọmọ oyin tí kò tíì dàgbà, àwọn kòkòrò oyin sì ń lé wa kiri oko. Láti ìgbà náà ni mo ti ń mú igi ìwọ̀n kan tí a gé sí 32 gan-an lọ bá káfíńtà, mo sì máa ń dúró tì í títí yóò fi gé ọ̀pá márùn-ún àkọ́kọ́.

Kí oyin tó wọlé fúnra rẹ̀, ẹ yọ́ ìda, kí ẹ sì fi pa abẹ́ ọ̀pá àti inú àpótí. Ẹ tún lè fi ewé tíì tútù ra ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbé ilé náà sórí ìdúró tí ó ga tó mítà kan, lábẹ́ ibòji, níbi tí kò sí èrò ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrò ní apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn tí afẹ́fẹ́ òjò ti ń wá. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ọ̀wọ́ oyin máa ń wá ilé kiri. Ẹ má ṣe máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Ẹ jókòó sí ìwọ̀n mítà mẹ́wàá: bí ẹ bá rí oyin tí ó ń wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun òdòdó rúsúrúsú lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ayaba wọn ti máa yé ẹyin nínú ilé.

Nínú ọyẹ́, ohun méjì péré ni mo ń tẹnu mọ́. Ẹ ro yípo ilé náà tó mítà mẹ́ta kí iná ọdẹ má baà dé ibẹ̀, kí ẹ sì gbé abọ́ omi sí tòsí, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ tí oyin yóò dúró lé mu.

Ìkórè máa ń bọ́ sí àárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, àáró sì ni ẹgbẹ́ wa fi ń ṣe é: òní ni ti oko yìí, ọ̀la ni ti tọ̀hún, nítorí ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ṣí ilé oyin rárá. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni a ń lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ síbẹ̀, nítorí òórùn tí oyin fi ń pe ara wọn sí ìjà jọ òórùn rẹ̀. Ẹ fi háhá àgbàdo gbígbẹ tàbí èèpo àgbọn sínú ẹ̀rọ èéfín, kí èéfín náà tutù kí ó sì funfun. Èyí tí ó bá gbóná á tún dá kún ìbínú wọn. Ẹ fín in sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀pá láti ìkángun ilé. Afárá tí ìda ti bo ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni kí ẹ gé; èyí tí kò tíì bò ṣì ní omi púpọ̀, yóò sì kan. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣẹ́ afárá oyin mélòó kan kù fún àwọn onílé. Olójúkòkòrò tí ó bá kó gbogbo rẹ̀ ń lé wọn lọ ni. Bí ẹ bá ń tà á, ẹ sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ tọ́ oyin wò.

Òjò á wá dé. Ó máa ń le ní oṣù kẹfà, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì tún ń padà ní oṣù kẹsàn-án. Lákòókò yìí, òdòdó ṣọ̀wọ́n, oyin kò sì lè jáde. Ẹ pín ọmọ ẹgbẹ́ sí méjì-méjì kí wọ́n máa bẹ ilé wò lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Wọn kò ní láti ṣí i: kí wọ́n fọwọ́ gbé ẹ̀yìn ilé náà díẹ̀, wọn yóò mọ̀ bóyá ó wúwo. Èyí tí ó bá fúyẹ́ ni kí wọ́n gbé omi ṣúgà sí nínú, ìwọ̀n ṣúgà kan sí ìwọ̀n omi kan, nínú abọ́ pẹlẹbẹ tí a da igi wẹ́wẹ́ sí kí oyin má baà rì, kí ó sì jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kí oyin ilé mìíràn má baà wá jà á lólè.

Ìjàlọ ni ọ̀tá tí ó burú jù ní àsìkò yìí. Ẹ ki ẹsẹ̀ ìdúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú agolo tí ó ní ọ́ìlì àlòkù láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kí ẹ sì máa gé koríko tí ó bá kan ara ilé, nítorí ewé kan ṣoṣo tó fún èèrà láti fi gun orí ilé. Òjò máa ń kún inú agolo yẹn, ọ́ìlì á sì léfòó, á dà nù, á ba ilẹ̀ jẹ́; ẹ fi páànù kékeré bò ó lókè. Afárá òfìfo tí oyin kò lè ṣọ́ mọ́ ni ìdin àfòpiná ń jẹ. Bí ẹ bá rí owú bí ti aláǹtakùn lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ yọ́ ìda rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Oko kòkó sì wà ní àyíká wa. Kí ẹgbẹ́ rán ènìyàn lọ bẹ àwọn àgbẹ̀ aládùúgbò kí wọ́n máa fọ́n oògùn kòkòrò ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti wọlé. Ìgò oyin kan lọ́wọ́ ẹni tí a rán máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọlé.

Ní ti oró tí oyin bá ta síni lára, ẹ fi èékánná ha á kúrò kíákíá. Ẹni tí ojú àti ètè rẹ̀ bá wú, tí ó ń mí gúlegúle, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ dúró de àgbo.

Nígbà tí oṣù kẹwàá bá tún wọlé, ẹ gbé gbogbo abọ́ omi ṣúgà kúrò kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ oyin tuntun, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé ilé mélòó ni ó la òjò já àti èyí tí ó ṣófo.