Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé Ìwé: Bí Òbí Ṣe Lè Yẹ Ẹ̀kọ́ Ìlúwẹ̀ẹ́ Wò

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ló ń fi àwòrán adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síwájú ìwé ìpolówó wọn. Omi ń dán, àwọn ọmọ wọ awò ojú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn òbí á fà sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ adágún kì í kọ́ ọmọ. Ènìyàn ló ń kọ́ ọ, ènìyàn náà ló sì ń ṣọ́ ọ. Ìwé yìí wà fún òbí tó fẹ́ mọ irú ènìyàn tó wà létí omi náà kó tó fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní omi gbé nǹkan bí 300,000 ènìyàn lọ kárí ayé lọ́dún 2021. Bí a bá pín wọn sọ́nà mẹ́rin, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan. Bẹ́ẹ̀, omi kò jìnnà sí ọmọ wa: ọ̀sà, kànga ẹ̀yìnkùlé, gọ́tà tó kún àkúnya lásìkò òjò, odò abúlé tí a mú wọn lọ lo ìsinmi. Ọmọ Ìlàjẹ ti ń bá omi ṣeré kó tó mọ ìwé kà. Ọmọ inú ìgboro lè má rí ibi kankan kọ́ ọ ju ilé ìwé lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ ní tòótọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ ni kí ẹ lọ

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi adágún tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀ hàn yín kí ẹ sì máa lọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ wá wo kíláàsì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní fi ìyẹn pamọ́.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ka orí. Ká ní ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n yàn fún ẹ̀kọ́ náà. Bíbọ́ aṣọ, wíwọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àti títò sórí ìlà á gba nǹkan bí 15; ìṣẹ́jú 25 ló kù. Bí ọmọ 25 bá wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan, ìṣẹ́jú kan péré ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù á wà létí omi, wọ́n á máa gbọ̀n. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé ọ̀sẹ̀ mélòó nínú sáà ni wọ́n ń wọ omi gan-an, torí àwọn kan ń gba owó ìlúwẹ̀ẹ́ ní sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n sì máa ń ti adágún pa nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ẹni tó ń ṣọ́ omi. Olùkọ́ tó di ọmọ kan mú nínú omi kò lè rí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kí ẹlòmíràn wà lókè tí kò ní iṣẹ́ méjì: kò gbọdọ̀ máa tẹ fóònù, kò gbọdọ̀ máa bá ọmọ de irun. Ọmọ tó ń rì kì í pariwo bí a ṣe ń rí i nínú fíìmù. Orí rẹ̀ á dà sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ á wà ní ìwọ̀n omi gẹ́lẹ́, yóò máa rì, yóò máa yọ, ọwọ́ rẹ̀ á máa tẹ omi sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kò lè ké, kò sì lè juwọ́ síni. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó lè ti rì, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì rò pé eré ló ń ṣe.

Ẹ béèrè ta ló mọ bí a ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ lẹ́nu tí a sì ń tẹ àyà rẹ̀, àti ìgbà tó kọ́ ọ kẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ni ẹni tó rì sómi ń wá, nítorí náà títẹ àyà nìkan kò tó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn á gbé ọmọ dorí kodò láti da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má fi ọmọ síbẹ̀. Àkókò tí ọpọlọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa fi ṣòfò.

Omi náà ńkọ́?

Ẹ dúró níbi tó jìn jù, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí irin tó bo ojú ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ kedere. Bí omi bá ti dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé débi tí irin náà kò hàn, ọmọ tó bá rì síbẹ̀ kò ní hàn náà. Ẹ wò ó bóyá irin náà dúró dáadáa, torí ihò tí kò ní ìdérí lè fa irun tàbí ọwọ́ ọmọ mọ́lẹ̀.

Òórùn kòlóríìnì (oògùn tí a fi ń pa kòkòrò inú omi) tó ń ta síni nímú, tó ń mú ojú pọ́n, kì í ṣe àmì pé omi mọ́ tónítóní. Òógùn ara àti ìtọ̀ tó ti pò mọ́ oògùn omi ló sábà ń fà á. Kí ẹ ní kí wọ́n mú ìwé tí wọ́n ń kọ àyẹ̀wò omi sí wá: kòlóríìnì ìdá 1 sí 3 nínú ìdá mílíọ̀nù kan omi (ppm), pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) láàárín 7.0 sí 7.8, lójoojúmọ́ tí ọmọ bá wọ omi. Kí wọ́n má sì gba ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru wọlé, nítorí àwọn kòkòrò kan wà tí kòlóríìnì kì í tètè pa.

Ọgbà gbọ́dọ̀ yí adágún ká lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó ga tó mítà 1.2 ó kéré tán, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa pa ara rẹ̀ dé. Àkókò ìsinmi àti ìgbà tí ilé ìwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí olùkọ́ ti lọ, ni ọgbà náà wúlò jù. Bí ilé ìwé bá ń fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ lọ sí adágún òtẹ́ẹ̀lì, ìbéèrè kan náà ni. Ẹ ṣáà fi kún un: ta ló ń ka ọmọ nígbà tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì àti nígbà tí wọ́n ń jáde nínú omi?

Ọmọ tó ní àìsàn

Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Omi tútù àti afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí ara tútù lè dá ìrora sílẹ̀ fún ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde; kí wọ́n jẹ́ kó jáde kíá, kó nu ara, kó wọ aṣọ gbígbẹ, kó mu omi. Ọmọ tó ní wárápá gbọ́dọ̀ ní àgbàlagbà tirẹ̀ tí kò ní gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ilé ìwé tí kò béèrè ìtàn ìlera ọmọ rárá kò tíì ṣetán.

Kí ni ọmọ máa mọ̀?

Ẹ béèrè ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe lópin ọdún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ní kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 25 kó tó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó sì mọ bí yóò ṣe gba ara rẹ̀ là nínú omi. Ìwọ̀n tó dára nìyẹn fún àwa náà. Ká tiẹ̀ ní ilé ìwé yín kò tíì lè dé mítà 25, kó kọ́ ọmọ láti léfòó lórí ẹ̀yìn, láti yí padà, láti di etí adágún mú kó sì gun òkè fúnra rẹ̀, kó sì mọ̀ pé bí ọ̀rẹ́ òun bá ń rì, igi tàbí okùn ni kí òun nà sí i, kí òun sì ké pe àgbà; kó má ṣe bẹ́ sómi.

Ní ìparí sáà kìíní, ẹ bá a lọ sí adágún, kí ẹ ní kó fi àwọn nǹkan yìí hàn yín. Ẹ dúró tì í. Bí kò bá lè léfòó fún ìṣẹ́jú kan, ẹ padà sọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó sáà kejì.