Bí bónọ́ọ̀sì bá wọlé fún yín tí kò wọlé fún ẹlẹgbẹ́ yín

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí Oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, bónọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí tiyín bá wọlé, tí ti ẹlẹgbẹ́ yín kò sì ní wọlé, ẹ má kéde rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, fóònù mi wà lórí tábìlì nígbà tí álẹ́ẹ̀tì bónọ́ọ̀sì mi dé. Arábìnrin tó jókòó tì mí rí iye owó náà kedere. A ti jọ ń jẹ iyán nínú abọ́ kan tipẹ́. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ṣí fáìlì iwájú rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń wọkọ̀ lọ sí Ọjà Ọba. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, ẹ ṣe fóònù yín kí ọ̀rọ̀ báǹkì má máa hàn lójú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tì í pa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín tààrà, ẹ má parọ́ o. Ẹ ní ẹ rí nǹkan gbà, ẹ má dárúkọ iye. Ìdí tí ẹlẹgbẹ́ yín kò fi rí gbà, ọ̀gá ni kó ṣàlàyé ìyẹn.

Àmọ́ bí iṣẹ́ yín bá dọ́gba, tó jẹ́ pé wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ ni, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ sọ fún un, kó lè lọ béèrè.